Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Kò Ju Òfin Lọ: Bí Abiyamọ Ṣe Lè Rán Ìjọba Níṣẹ́

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa. Mílíìkì ọmọ, oògùn ibà, ọṣẹ, omi inú ọ̀rá: ilé-iṣẹ́ ni ó ṣe gbogbo wọn. Ìyàwó ilé tí ó ń gbé ní Kọ́bapẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, kò mọ ẹni tí ó ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọjà wọn bá ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa wí pé, “Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.” Ọlọ́run ń gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òpin ọdún 2008. Oògùn olómi kan wà tí ó ń jẹ́ My Pikin, èyí tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín. Ilé-iṣẹ́ Barewa Pharmaceuticals ní Èkó ni ó ṣe é. Kẹ́míkà olóró tí a ń pè ní diethylene glycol, irú èyí tí a ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀, wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọdé daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ó kéré tán, ọmọ 84 ni ó kú. Àwọn ìyá wọn kò ṣe àìbìkítà; ìfẹ́ ni ó mú wọn ra oògùn náà.

Báwo ni a ṣe dá a dúró? Àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé àìsàn kan náà ni ó ń pa àwọn ọmọ, wọ́n sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ìjọba. NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kó o kúrò lọ́jà, ó sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ní oṣù Karùn-ún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Ìdájọ́ náà kò jí òkú dìde. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, ìjọba ṣe é nígbà tí ìròyìn dé etí rẹ̀.

Èyí kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní nǹkan bí ọdún 1947 sí 1949, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ aṣáájú wọn, fi ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwọ́de kọ owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, títí a fi dá a dúró. Ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ kò sì mọ̀wé. Bí wọ́n bá lè mú ìjọba gbọ́ràn, àwa náà lè mú ìjọba bá ilé-iṣẹ́ wí.

Ibo ni kí a lọ? Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, oògùn tàbí ìpara, ọ̀dọ̀ NAFDAC ni. Bí ó bá jẹ́ ìrẹ́jẹ nínú ọjà, ọ̀dọ̀ FCCPC ni, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbèjà oníbàárà. Òfin yìí sọ pé kí a kọ iye owó ọjà síta, kí a má sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Keje 2024, àjọ yìí bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Facebook àti WhatsApp, nítorí bí ó ṣe ń lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìtanràn náà tọ́.

Bí ó bá jẹ́ èéfín tàbí omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́, ọ̀dọ̀ NESREA ni, àjọ tí ń ṣọ́ àyíká. Òfin ọdún 1992 ní kí a yẹ iṣẹ́ ńlá wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ sí i. Òfin ọdún 2011 sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ju ìgò tàbí páálí nù bí ara ọmọ bá yí padà. Ẹ gbé e lọ fún dókítà, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ kọ nọ́ńbà NAFDAC àti déètì inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ má sọ ju ohun tí ojú yín rí lọ, nítorí irọ́ kan a máa ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àdúgbò, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ìyá ìjọ àti ìyá àsàlátù jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣòfin yín ní Òkè-Mọ́sàn. Ìjọba a máa lọ́ra. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún un kọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.