Ẹ fẹ́ fi ọṣẹ dúdú ṣe ẹ̀bùn Kérésì? Ẹ ka èyí ná

Ọdún ń bọ̀, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mò ń rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọṣẹ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ta ara wọn lọ́rẹ: ọṣẹ dúdú olóyin, ọṣẹ olósùn, ọṣẹ tí wọ́n gé bí ọkàn tí wọ́n sì fi rìbọ́ọ̀nù dì. Ó dáa, kò gbówó lórí, ó sì fi hàn pé ẹ ronú nípa ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún.

Àmọ́ nǹkan méjì ló lè ba ẹ̀bùn yìí jẹ́. Àkọ́kọ́, kí ọṣẹ náà bó ẹni tẹ́ ẹ fún lára. Èkejì, kí ẹni náà fẹ̀rín gbà á níwájú yín, kó sì lọ jù ú sẹ́yìn ilé torí ó rò pé ẹ ti fi nǹkan sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ohun kan náà ló ń yanjú méjèèjì: kí ẹ mọ ohun tó wà nínú ọṣẹ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ fún náà mọ̀ ọ́n.

Kí ló wà nínú ọṣẹ dúdú gan-an?

Gbogbo ọṣẹ, ì báà jẹ́ ti ọjà Àkẹ̀sán tàbí ti súpámákẹ́ẹ̀tì, nǹkan méjì ló para pọ̀ di ọṣẹ: epo, àti ohun tó ń ta lára tó ń yí epo padà. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ti ọṣẹ dúdú. Wọ́n á sá èèpo kòkó gbẹ, wọ́n á sun ún, wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á wá da omi lé e lórí. Omi tó bá ń kán sísàlẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì, potassium ló kún inú rẹ̀. Òun ni wọ́n á fi se àdín tí wọ́n yọ lára èkùrọ́, wọ́n á sì máa rò ó fún wákàtí púpọ̀ títí yóò fi dì.

Potassium yẹn ló fà á tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀, tó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Sódà tí wọ́n ń tà lọ́jà, sodium ni tiẹ̀, òun ló sì ń mú ọṣẹ le gbagidi. Irú ọṣẹ líle yìí ni Lever Brothers, tí a mọ̀ sí Unilever lónìí, bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ fún ní Nàìjíríà ní 1923. Síbẹ̀, ọṣẹ dúdú ò kú.

Kódà, ó ti rìnrìn àjò. Ní Ghana, alata samina ni wọ́n ń pè é. Samina ni ọṣẹ. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ará ìhín. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣòwò ní Ghana kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì ní 1969. Ọṣẹ tí à ń tijú láti fi tọrẹ nílé ni àwọn aládùúgbò wa ń fi orúkọ wa pè.

Ọ̀nà tó rọrùn

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan sódà rárá. Ẹ ra ọṣẹ dúdú tí wọ́n ti sè jinná, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Èyí tó dáa máa ń pọ́n bíi kọfí ni, kì í dúdú kirikiri kó sì máa dán bí ọ̀dà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè epo àti eérú tí wọ́n fi sè é. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ máa dáhùn.

Fún kìlò kan ọṣẹ, ẹ wá òrí ṣíbí ìjẹun 2, àdín ṣíbí 1, àti oyin ṣíbí 1. Ẹ gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí i, ẹ bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e sínú abọ́, kẹ́ ẹ gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi tó ń hó. Ẹ má gbé e lé iná tààrà, ó máa jóná. Tó bá ti rọ̀, ẹ fi òrí àti àdín sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó tutù díẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi oyin sí i. Ẹ fi òrí pa àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ máa mọ ọ́n róbótó-róbótó. Ẹ tò ó sínú àtẹ níbi tí oòrùn ò ti ní pa á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọyẹ́ Oṣù Kejìlá máa bá yín gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tàbí ọ̀rá dì í dáadáa.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ po ìpara ìbóra mọ́ ọn kí ara lè pọ́n. Mercury tó máa ń wà nínú àwọn kan nínú wọn lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́.

Ọ̀nà tó le

Àwọn kan á ní ọṣẹ líle làwọn fẹ́, èyí tí wọ́n lè gé ní onírúurú. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ sódà ni ẹ máa lò, sódà kì í ṣeré. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ife wọ̀n ọ́n: àdín gíráàmù 1000, sódà gíráàmù 160, omi gíráàmù 330. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kẹ́ ẹ sì wà níta. Inú omi la máa ń da sódà sí, díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé sódà lórí, ó lè hó jáde sí yín lójú. Ẹ má lo ìkòkò alumí, sódà máa jẹ ẹ́. Tí omi sódà náà bá ti tutù dé ìwọ̀n lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á sínú àdín, kẹ́ ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ògì. Ẹ dà á sínú páálí mílíìkì tàbí ike tẹ́ ẹ ti fi ọ̀rá tẹ́ nínú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gé e pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún Kérésì gbọ́dọ̀ ti ṣe é kó tó di ọjọ́ 20 Oṣù Kọkànlá.

Kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, ẹ dán an wò. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ kẹ́mísírì ní LAUTECH, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò. Bíi 9 sí 10 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá kọjá 11, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi díẹ̀ wẹ apá ara yín, kẹ́ ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó gbé omi sódà mu nílé tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, torí pé ẹnì kan gbé e kalẹ̀ sínú ife tàbí ike omi. Ọ̀fun ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jóná, kó sì dí, débi pé kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Àwọn àgbà tó ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run ò purọ́. Bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé yín, ẹ lo ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí sódà bá ta sí yín lára, ẹ ṣí omi sí i lórí fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn.

Inú kí lẹ máa gbé e sí?

Ọ̀yọ́ ni kẹ́ ẹ kọjú sí fún ìyẹn. Igbá fínfín wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí ìlú náà fi lókìkí, Àkẹ̀sán tó wà nítòsí ààfin Aláàfin sì ti dìde padà lẹ́yìn iná tó jó o ní Oṣù Kínní 2020. Igbá kékeré kan, ọṣẹ mẹ́ta, kànìnkànìn ìbílẹ̀ kan: ẹ̀bùn ti pé nìyẹn. Ẹ má kó ọṣẹ tútù sínú igbá láìdì í, torí ọ̀rinrin máa ba igbá jẹ́. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, ẹni tó ń lọ kí ìdílé lọ́dún lè yà ra tiẹ̀ lọ́nà.

Kí wọ́n má baà fura

Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n ò ṣòro láti mọ̀. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń gún mọ́ ewé àti egbò tí wọ́n bá ń ṣe ọṣẹ àwúre, ó sì dúdú débi pé ojú ò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó kọ̀ ọ́ ò ya òpè, ó ń ṣọ́ra ni.

Nítorí náà, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sára bébà ní èdè tí ìyá àgbà lè kà: àdín, eérú kòkó, òrí, oyin. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é. Ẹni tí oyin tàbí òrí bá máa ń yún lára á tètè mọ̀. Ẹ ya èkìdá kan sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi wẹ ọwọ́ yín níwájú wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ. Èyí tó tún dáa jù ni pé kẹ́ ẹ pè wọ́n wá bá yín mọ ọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sá fún ọṣẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ.

Bí ó bá wá dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n ní kẹ́ ẹ máa tà á, ẹ rántí pé NAFDAC ló ń mójú tó ọṣẹ ìwẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn.

Ẹ kú ìmúra ọdún o.