Afẹ́fẹ́ kò sí nínú ìkòkò yẹn

Olùkàwé wa kan tó ní sọ́ọ̀mílì kọ̀wé pé òun fi sódà ìṣeọṣẹ se lẹ́búlẹ́bú ìrókò nínú ìkòkò préṣọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí òun lè rí fanílà. Omi dúdú tó ń rùn ló rí. Ẹnì kan ló ta ìlànà náà fún un. Olè ni.

Fanílà wà nínú igi lóòótọ́. Ní Sarpsborg lórílẹ̀-èdè Nọ́wè, ilé iṣẹ́ Borregaard ti ń fi igi sprúùsì ṣe fanílínì, èròjà tó ń fún fanílà ní òórùn rẹ̀, láti ọdún 1962, kò sì yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú èso fanílà. Lígínì, àtè tó lẹ okùn ara igi pọ̀, ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin rò pé ooru ló ń gé e. Rárá o! Sódà ń tú u sínú omi, ooru ń mú iṣẹ́ yá, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀bẹ.

Ọ́síjìn yìí náà ló ń mú irin dógùn-ún, òun ló ń sọ igi di eérú. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀. Nínú ìkòkò irin ràgàjì tó dé pinpin, tó gbóná tó bíi 160°C, wọ́n ń ti afẹ́fẹ́ wọnú omi náà, kọ́pà díẹ̀ sì ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, lígínì ò ní gé. Bó bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, ọ́síjìn ò mọ̀ pé fanílínì lẹ fẹ́: yóò gé òun náà di ásíìdì, yóò gé ásíìdì di gáàsì tí à ń mí síta. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó ti fáàfù ló ni iṣẹ́ náà.

Ìkòkò yín ńkọ́, ọ̀gá? Oru omi ti lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde kí ó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìrókò pàápàá kì í ṣe sprúùsì; nǹkan mìíràn máa ń dà pọ̀ mọ́ fanílínì rẹ̀, ìyà ni láti yà wọ́n. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yà á, àmọ́ mo tún lẹ́tà yín kà: álúmíníọ̀mù ni ìkòkò náà!

Sódà gbígbóná ń jẹ álúmíníọ̀mù, gáàsì háídírójìn tó ń gbiná sì ń jáde níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó lè dí ihò ọmọrí. Bọ́ǹbù lẹ gbé ka iná. Mo sì mọ ohun tí ẹ ń rò báyìí: kí ẹ yá ẹ̀rọ fọ́kánáísà, kí ẹ fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ má dán an wò! Ẹ má sì dá ìkòkò náà padà sí ilé ìdáná. Sódà ti jẹ ẹ́ lára.