Ọkọ̀ òfuurufú tó dúró lókè Johannesburg: àbàwọ́n tó ní ìtàn, àti èyí tí wọ́n kàn dà sára ọmọ Nàìjíríà

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tó ń fi ike to ọkọ̀ òfuurufú kékeré mu gan-an, irú ọkọ̀ tí à ń rí nínú fíìmù, tó ń gbé ènìyàn lọ sínú òṣùpá àti ìràwọ̀. Bí wọ́n bá to ike náà pọ̀ tán, tuntun ni, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Aṣọ ló ní, kò ní àkísà. Iṣẹ́ tó kù fún oníṣẹ́ náà ni kó wá àkísà fún un, kó fi ọ̀dà sọ ọ́ di ògbólógbòó, títí ẹni tó ń wò ó yóò fi gbà pé ọkọ̀ náà ti rin ìrìn àjò ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òdìkejì iṣẹ́ yìí la mọ̀ dáadáa nílẹ̀ wa. Bí mọ́tò tòkunbọ̀ bá ti gbó, tí ara rẹ̀ ti jẹrà, àwọn panẹ́lì-bítà yóò lù ú, wọn yóò fi pọ́tì dí ihò ara rẹ̀, wọn yóò fọ́n ọ̀dà sí i, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì rò pé àná ló kúrò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Tiwa ni ká sọ àlòkù di tuntun. Tiwọn ni kí wọ́n sọ tuntun di àlòkù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kan náà ni, ọgbọ́n kan náà ni. Nínú gbogbo ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n sì ti fi ọgbọ́n yìí ṣe, ọ̀kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn èyí tó dúró sókè ìlú Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa, nínú fíìmù District 9.

Ọkọ̀ tó dúró tí kò lè lọ mọ́

Ọdún 2009 ni District 9 jáde. Neill Blomkamp ló darí rẹ̀, Johannesburg gan-an ni wọ́n sì ti bí i, lọ́dún 1979, kó tó bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí Kánádà. Peter Jackson, ọmọ New Zealand, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ìtàn náà ni pé lọ́dún 1982, ọkọ̀ ńlá kan láti ayé mìíràn wá dúró lójú sánmọ̀ Johannesburg, kò sì lè lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n gé ara ọkọ̀ náà wọ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá àjèjì tí ebi ti hàn léèmọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìjọba kó wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sé wọn mọ́ inú àgọ́ onípáànù kan, níbi tí wọ́n ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún.

Àtinúdá lásán kọ́ ni orúkọ fíìmù náà. Ó ń rán àwọn ènìyàn létí District Six, àdúgbò kan nílùú Cape Town tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kéde lọ́dún 1966 pé ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni, tí wọ́n sì lé ènìyàn tó lé ní 60,000 kúrò níbẹ̀. Chiawelo, nínú Soweto, ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú fíìmù náà, láàárín àwọn ilé onípáànù gidi. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, owó tó pa sì lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Lọ́dún 2010, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya ọkọ̀ ńlá inú fíìmù náà. Àmọ́ ẹni tó bá wò ó yóò rò pé irin gidi ni, nítorí pé kò dán. Ó dọ̀tí, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó sí èbúté. Ìdọ̀tí yìí ló mú kí ojú gbà á gbọ́.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti wá

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù máa ń mọ́ tónítóní ni. Nínú fíìmù 2001: A Space Odyssey, tó jáde lọ́dún 1968, funfun báláú ni àwọn ọkọ̀ náà. Nígbà tó di ọdún 1977, George Lucas gbé Star Wars jáde, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ dà bí ohun tí àwọn ènìyàn ti ń lò tipẹ́. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ike àtòpọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe ọkọ̀ ogun, bàálù àti ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n sì lẹ àwọn ègé kéékèèké náà mọ́ ara ọkọ̀ òfuurufú tiwọn. Táyà ọkọ̀ ogun di ẹ̀rọ, ẹnu ìbọn di páìpù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀dà ṣe èéfín àti ìdọ̀tí sí i lára. Ọkọ̀ Millennium Falcon tí gbogbo ayé mọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ báyìí ni. Èyí tó tóbi nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọdé tó fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tó gé sálúbàtà gbígbó ṣe táyà, ohun kan náà ló ń ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń sọ tuntun di ògbólógbòó

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú. Yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ike náà, nítorí pé òróró máa ń wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ọ̀dà kì í sì í mú ibi tí òróró bá wà. Yóò tò ó pọ̀, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, yóò fi pọ́tì dí àlàfo, yóò sì fi sáńpépà ha á kó lè dán. Bí ó bá fẹ́ yí i padà, àkókò yìí ni yóò gé ibi tó fẹ́ gé, tí yóò sì fi ìdérí bírò, wáyà tàbí ègé ike mìíràn kún un.

Lẹ́yìn èyí, yóò fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn ún kárí, kí ọ̀dà tó ń bọ̀ lè rí ibi dì mú. Tó bá wá kan àwọ̀ ara ọkọ̀ gan-an, àgbà oníṣẹ́ kì í lo àwọ̀ kan ṣoṣo. Ibì kan yóò ṣú díẹ̀, ibì kan yóò mọ́ díẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé, ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tún ibi kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ ṣe.

Ọgbọ́n pọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń mú kí ọ̀dà bó. Wọn yóò kọ́kọ́ kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ìpẹtà. Bí ìyẹn bá gbẹ, wọn yóò fọ́n oje tí àwọn obìnrin ń fọ́n sí irun kó má baà tú sí i lára, kí wọ́n tó fi ọ̀dà mìíràn bò ó. Wọn yóò wá fi omi rin ín, wọn yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó díẹ̀díẹ̀. Omi yóò yọ́ oje náà, ọ̀dà òkè yóò bó, ìpẹtà yóò sì yọjú bíi pé ọdún púpọ̀ ló fà á.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò fi tínà po ọ̀dà dúdú títí yóò fi ṣàn bí omi, wọn yóò tú u sínú àwọn ilà ara ọkọ̀, wọn yóò sì fi àkísà nu ojú rẹ̀, kó jẹ́ pé inú kọ̀rọ̀ nìkan ni dúdú náà yóò kù sí. Wọn yóò ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà tó mọ́, wọn yóò nù ún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, wọn yóò wá fi rá etí ọkọ̀ náà, ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti máa ń gbo ó. Ẹ̀ẹ́dú tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi ń ṣe èéfín ẹ̀rọ. Fánísì tí kì í dán ló ń kẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ni àṣejù. Bí ọkọ̀ ike bá kéré sí ọkọ̀ gidi ní ìlọ́po 1,000, ilà tó fẹ̀ ní mìlímítà kan péré lára rẹ̀ dúró fún mítà kan gbáko. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ rò pé ojú ọ̀bẹ kékeré ni, kòtò ni.

Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn

Òfin kan wà tó ju gbogbo èyí lọ: a kì í fi àbàwọ́n kankan síbi tí a kò lè sọ ohun tó fà á. Irin kì í dípẹtà láìsí omi àti afẹ́fẹ́, kò sì sí méjèèjì lójú ọ̀run lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ tí kò balẹ̀ síbì kankan rí, irọ́ ni kí ara rẹ̀ kún fún ìpẹtà. Èyí tó wọ inú afẹ́fẹ́ ayé padà ni iná máa ń jó nísàlẹ̀, bí ó ti rí lára ọkọ̀ Apollo 11 tó ti inú òṣùpá dé lọ́dún 1969.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Johannesburg ní ìdí tó fi gbó. Ìlú náà wà ní ibi gíga, ó fi ohun tó lé ní mítà 1,700 ga ju òkun lọ, òjò alágbára pẹ̀lú àrá sì máa ń rọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Láti ọdún 1886 tí wọ́n ti rí góòlù níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó iyẹ̀pẹ̀ ìwakùsà jọ bí òkè, atẹ́gùn sì ń gbé eruku rẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kiri. Èéfín èédú náà kò ṣàjèjì ní Soweto nígbà òtútù. Ẹni tó bá ń kun irú ọkọ̀ yìí mọ ohun tí yóò ṣe: ipa omi òjò yóò wà lára rẹ̀, èéfín yóò wà nísàlẹ̀, eruku yóò wà lórí. Ọkọ̀ tó ń sáré ni ipa ìdọ̀tí rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Èyí tó dúró lójú kan, ìsàlẹ̀ tààrà ni tirẹ̀ máa ń ṣàn sí.

Àbàwọ́n tí kò ní ìtàn

Ẹ wá wo ìhà kejì. Fíìmù tí wọ́n fara balẹ̀ kun ọkọ̀ rẹ̀ tó báyìí, báwo ni wọ́n ṣe kun àwọn ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀? Dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n dà lé gbogbo wọn lórí. Ọ̀daràn ni wọ́n, wọ́n ń ta ohun ìjà, wọ́n ń ta oúnjẹ ológbò fún àwọn ẹ̀dá àjèjì ní ọ̀wọ́n gógó, àwọn obìnrin wọn ń ṣe aṣẹ́wó, wọ́n sì ń jẹ ẹran ara ẹ̀dá àjèjì nítorí oògùn. Orúkọ ọ̀gá wọn kò jìnnà sí ti Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Yorùbá tó ṣe ààrẹ Nàìjíríà láti ọdún 1999 sí 2007. Ọmọ Màláwì sì ni Eugene Khumbanyiwa, ẹni tó ṣe ọ̀gá ọ̀daràn náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá Nàìjíríà má ṣe àfihàn fíìmù náà mọ́, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Àwọn tó gbèjà fíìmù náà ní ìtàn lásán ni, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Kí Blomkamp tó ṣe District 9, ó ti ṣe fíìmù kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní Alive in Joburg. Nínú rẹ̀, àwọn ará ìlú ń sọ bí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ṣe sú wọn tó. Kì í ṣe nípa ẹ̀dá láti inú ìràwọ̀ ni wọ́n bi àwọn kan nínú wọn léèrè. Nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Zimbabwe tó ń gbé láàárín wọn ni. Ìkórìíra tí a gbọ́ níbẹ̀, òótọ́ ni.

Ó sì ti so èso. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ ní Alexandra, nínú Johannesburg, ó tàn kálẹ̀, ènìyàn 62 ló sì bá a lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2015. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Air Peace ní láti fi bàálù kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ padà wálé láti Johannesburg lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò sẹ́ni tó ní kò sí ọ̀daràn láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀. Wọ́n wà, bí wọ́n ṣe wà nínú gbogbo ẹ̀yà. Àmọ́ dókítà wà, olùkọ́ wà, oníṣòwò wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà, pásítọ̀ àti lémọ́ọ̀mù wà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá da dúdú kan ṣoṣo sára odindi ọkọ̀, tí kò lè sọ ohun tó fa ìdọ̀tí ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá rẹ̀ yóò ní kó lọ fi tínà fọ̀ ọ́ kúrò, kó tún un kùn. Ike ni, fífọ̀ kò ṣòro. Ti ọmọ ènìyàn kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ láti fọ̀: àwọn tí bàálù Air Peace kó dé ní ọdún 2019, ẹrù wọn nìkan kọ́ ni wọ́n gbé bọ̀ wálé.