Bí A Ṣe Ń Ka Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Thyroid Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí wa, thyroid ni ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọrùn tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀. Èròjà T4 tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú ara àti ọpọlọ ọmọ dàgbà. TSH, tí ó ń wá láti abẹ́ ọpọlọ, ni ó ń pàṣẹ fún un.

Bí T4 bá kéré tí TSH sì ga, thyroid kò ṣiṣẹ́ tó. Bí T4 bá kéré tí TSH kò ga, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń pàṣẹ.

Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n àgbàlagbà ka ti ọmọdé: TSH ọmọ tuntun máa ń ga fíofío lọ́jọ́ kìíní láìsí àìsàn. Ẹ bi dókítà bóyá ìwọ̀n ọjọ́ orí ọmọ ni ó lò. Bí àìsàn bá dájú lára ọmọ tuntun, kí oògùn bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 2. Ìfàsẹ́yìn lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé.