Ọkọ̀ Ìjàpá: Ǹjẹ́ A Lè Fi Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe Ẹsẹ̀ Rìn Lójoojúmọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní Àjàpá ń lọ sí àjò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi pẹ̀lú yóò jókòó sínú Ìjàpá, tí n óò máa bẹ Elédùmarè pé kí a má tẹ́ kí a tó dé. Ìjàpá tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọkọ Yánníbo inú àlọ́. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré nì ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá, tí àwọn bàbá wa fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ẹ bi àwọn olùkọ́ wa àgbà léèrè: ẹni tí kò ní in rí nínú wọn yóò sọ fún yín pé òun ti wọ̀ ọ́ rí.

Ohun tí ó mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fi Ìjàpá wọn lọ̀ mí. Bàbá Olùkọ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ní alẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi ọkọ̀ wíwà. N800,000 ni wọ́n ní kí n mú wá. Máíkírà tí a ti lò nílé níhìn-ín tí mo béèrè kò dín ní ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn.

Èmi àti ìyá mi ní owó náà nínú àjọ tí a ti ń dá fún ọdún mẹ́ta, èmi láti inú owó tí mò ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìwé nílé, ìyá mi láti inú ẹ̀wà tí wọ́n ń tà. Orúnkún ń dun ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà, láti Mọ́níyà tí a ń gbé lọ sí àárín ìgboro Ìbàdàn. Kí wọ́n tó ká ẹsẹ̀ wọ inú Máíkírà, kí wọ́n sì fún mọ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn, ìyà ńlá ni. Èmi náà sì ń ti Mọ́níyà lọ sí yunifásítì lójoojúmọ́. Nítorí náà, kì í ṣe ọkọ̀ ọjọ́ ọdún ni a ń wá, ọkọ̀ àtàárọ̀dalẹ́ ni. Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí n lè fi ojú ọjà lásán wo ọ̀rọ̀ náà: ọkọ̀ yìí gan-an ni Bàbá Olùkọ́ fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní òru ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

Ìtàn Rẹ̀ Ní Ṣókí

Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Ìjàpá, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán bí yóò ti rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún tẹrútọmọ. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Ọdún yìí kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ní Òjó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ kan tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasília, tí a sọ ní Igala níhìn-ín.

Ní 1978 ni wọ́n dẹ́kun ṣíṣe Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ yìí ní Jámánì. Wọ́n dẹ́kun rẹ̀ ní Brazil ní 1996, èyí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé sì jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003. Iye gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21. Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé àbíkẹ́yìn Ìjàpá pàápàá ti lé ní ogún ọdún. Ti Bàbá Olùkọ́, 1979 ni wọ́n rà á ní tuntun. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa.

Bí Ó Ti Ń Ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ṣí iwájú Ìjàpá pé òun fẹ́ wo ẹ́ńjìnnì, àyè ẹrù àti táǹkì epo ni yóò bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Kò ní rẹdíétọ̀, a kì í sì í bu omi sí i. Atẹ́gùn ni ó ń tù ú lára. Fáànù kan wà lókè ẹ́ńjìnnì tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó sì ń yí fáànù yìí pọ̀ mọ́ dáínámò tí ń fi iná sínú bátìrì. Bí bẹ́líìtì náà bá já, nǹkan méjì ni ó dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: iná kò wọ bátìrì mọ́, atẹ́gùn kò sì fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Iná pupa kékeré kan yóò tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, yóò sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi jóná.

Ọ́ìlì pẹ̀lú ń ran atẹ́gùn lọ́wọ́ láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ó ń gbà. Kò ní fílítà bí ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ wáyà lásán ni ó ní. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà, kí a sì yẹ àyè fáàfù wò ní àkókò kan náà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin ni ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, mẹkáníìkì tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó sì gbé e padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìbéèrè Mẹ́rin Tí Mo Bi Ara Mi

Èkíní: báwo ni ara ọkọ̀ náà ti le tó? Ẹ́ńjìnnì ṣe é tún ṣe, ara tí ó ti dógùn-ún ni ó ń jẹ owó. Mo gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé, omi rẹ̀ a sì máa jẹ irin ilẹ̀ ibẹ̀. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo sì fi ìka kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Àlẹ̀mọ́ kan wà níbi bátìrì, iṣẹ́ wẹ́dà. Ìyókù le koko. Bàbá Olùkọ́ kò purọ́ fún mi.

Èkejì: ta ni yóò máa tún un ṣe, níbo ni n óò sì ti máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà? Mo lọ sí ọjà Aráròmí ní Agodi Gate. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan Corolla àti Camry kò lóǹkà. Ti Ìjàpá, méjì ni wọ́n júwe fún mi, ọ̀kan sì ti tì. Mẹkáníìkì Bàbá Olùkọ́ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Etí lásán ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀ náà. Mo bi wọ́n pé ta ni nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni ó mọ Ìjàpá. Wọ́n wo àwọn ọmọ náà tí wọ́n wà lábẹ́ tòkunbọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kò sí èyí tí ó bi mí.” Mo kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ àtijọ́, ọgbọ́n ẹni tí ń tún un ṣe ni ó rà mọ́ ọn. Bí a kò bá rí ẹni gba ọgbọ́n náà sílẹ̀, irin ni yóò kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń lọ gba oríkì àti ọfọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀kẹta: èló ni yóò máa ná mi? Owó tí a fi ra ọkọ̀ kì í ṣe owó ọkọ̀ tán. Láti ìgbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tí kò máa ka lítà. Mo kún táǹkì, mo rin 180 kìlómítà, mo tún kún un padà, lítà 17 ni ó gbà. Èyí súnmọ́ lítà mẹ́sàn-án àbọ̀ fún 100 kìlómítà. Pé ọkọ̀ kéré kò sọ pé díẹ̀ ni yóò máa mu.

Ẹ̀kẹrin: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó ńkọ́? Bírékì Ìjàpá yìí kò yá bí ti àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀, àwọn oníMáíkírà yóò sì kó sínú àyè náà. Kò sí àpò atẹ́gùn tí ń gba ènìyàn sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá. Bẹ́líìtì ìjókòó wà níwájú, kò sí lẹ́yìn. Iwájú ibẹ̀ náà ni táǹkì epo wà. Ẹni tí ó bá ń lọ jẹ́jẹ́ nínú ọgbà yunifásítì lè fara mọ́ èyí. Ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́níyà kì í ṣe ọgbà yunifásítì.

Ọ̀sẹ̀ Méjì Pẹ̀lú Ìjàpá

Bàbá Olùkọ́ ní kí n mú ọkọ̀ náà lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó san kọ́bọ̀. Wọ́n kọ́ mi bí a ti ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọ́n mú kí n ṣe é lójú wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi bẹ́líìtì tuntun kan àti sípánà 21 sí iwájú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, inú mi dùn bí ẹni tí ó jẹ oyè. Àwọn àgbàlagbà ń kí mi lójú ọ̀nà. Olùkọ́ mi kan dá mi dúró, wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n sì ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún mi títí mo fi pẹ́ dé kíláàsì ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwòsàn. A kúrò nílé ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. A kò tíì kọjá Ọ̀jọ́ọ̀ tán tí iná pupa tàn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì ti já. Mo ní ìmọ̀, mo ní irinṣẹ́, mo sì ní bẹ́líìtì tuntun, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbóná débi pé n kò lè fi ọwọ́ kàn án. Obìnrin kan tí ó ń dín àkàrà fún ìyá mi ní àpótí jókòó. Nígbà tí yóò fi tutù, tí mo fi pààrọ̀ rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ké padà, ó ti lé ní wákàtí kan. Mo yọ̀ bí ẹni tí ó jagun mólú. Ìyá mi dìde ní ìdáwọ́lé-ìdáwọ́lé, wọ́n wọlé, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, àwọn tí wọ́n ṣáájú wa ti pọ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó rí dókítà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó pè mí. Wọ́n ní, “Àkànní, ọkọ̀ yẹn gbé mi nígbà tí mo lóyún rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Bí o bá ní kí á rà á, n óò gbé owó jáde. Ṣùgbọ́n má sọ pé torí tèmi ni.”

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó la ojú mi. Gbogbo ìbéèrè mẹ́rin tí mo bi ara mi, ti ọkọ̀ ni wọ́n jẹ́. Èyí tí n kò bi ara mi ni pé: ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá kọ̀ tí kò lọ, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan ni, tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó wọ ọkọ̀ mìíràn, kí ó rà á, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Ìjàpá kò ṣòro tún ṣe, kò sì ya alájẹbánu bí àwọn ènìyàn ti ń rò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn tí kò ní ẹsẹ̀ mìíràn ni yóò jókòó sórí àpótí alákàrà, kí a fi ọkọ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ méjì.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Bàbá Olùkọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá mo ti fi bẹ́líìtì mìíràn sí iwájú ọkọ̀ dípò èyí tí mo lò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “O ṣeun.” A kò tíì ra ọkọ̀. Àjọ ń lọ lọ́wọ́, oníMáíkírà kan ní àdúgbò wa sì ń gbé ìyá mi nìkan lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ dókítà, iye kan pàtó ni a ń san fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń gbé inú ọgbà, tí ẹ sì ní ọkọ̀ mìíràn nílé, Ìjàpá 1979 kan wà ní Mọ́níyà tí ara rẹ̀ le, tí olówó rẹ̀ kì í purọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó yára, kí ó sì mú ọmọ kékeré kan dání lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà. Ọkọ̀ lè dúró díẹ̀ sí i. Ọgbọ́n tí ó wà lórí àgbà yẹn ni kò lè dúró.