Ta Ló Gba Ìṣọ́?

Ẹni tó sọ àdúgbò kan ní Ìsọlọ̀ ní Ire-Akárí mọ ohun tó ń wá: ire tí yóò kárí, tí kò ní yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Àdúgbò náà kò jìnnà sí títì Òṣòdì sí Àpápá, títì tí ọ̀pọ̀ àwọn ológun ojú omi ń gbà lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní NNS Beecroft, ibùdó wọn ní Àpápá. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ Cele lójú títì yẹn láàárọ̀ lè rí wọn nínú aṣọ funfun, tí àwọn náà ń wojú ọ̀nà bíi tiwa. Lórí ilẹ̀, èrò ọkọ̀ ni wọ́n.

Tí wọ́n bá wọnú ọkọ̀ ogun tán, ọ̀rọ̀ akárí gba ìtumọ̀ mìíràn. Ewu ló ń kárí lọ́hùn-ún. Bí omi bá ráyè wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò ní béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àti ẹni tó jẹ́ ọmọṣẹ́ kó tó gbé wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo òfin ìdarí néfì ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ náà sì ni àwọn máníjà wa máa ń fò kọjá. Ó wọ́pọ̀ ní Èkó kí ilé iṣẹ́ pe ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì wá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdarí. Ohun tí àwọn tó jókòó sábà máa ń gbé lọ sílé ni ohùn rẹ̀. Ní Monday, wọ́n á fi jágbe.

Néfì tiwa kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjágbe. Ẹ̀ka Marine ti ìjọba amúnisìn, tó ń bójú tó èbúté àti odò, ló ti wà ṣáájú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1956 ni wọ́n dá agbo ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀, ọkọ̀ ogun tí wọ́n sì fi ṣe olórí ọkọ̀ wọn ni HMNS Nigeria, àlòkù ọkọ̀ apalẹ̀ bọ́ǹbù inú omi mọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti lò ní orúkọ Hare. Ní 1964, Joseph Edet Akínwálé Wey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí néfì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ wá láti apá Calabar. Ìdí ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ. Mo rò pé ìyẹn ń sọ nǹkan fún ẹni tó bá ń wá máníjà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Òkun kì í sùn, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ sùn. Nítorí náà wọ́n pín ọ̀sán àti òru sí ìṣọ́, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó bá wà nídìí ìṣọ́ ló di ọkọ̀ mú ní orúkọ ọ̀gákọ̀, ì báà ṣe ọ̀dọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ tètè rí wàhálà kan níbẹ̀. Mẹ́rin mẹ́rin jẹ́ ìṣọ́ mẹ́fà lójúmọ́, bí ọ̀wọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá sì ń pín in, ọ̀wọ́ kan náà ni yóò máa jí láàárín òru títí ayé. Wọ́n wá la ìṣọ́ ìrọ̀lẹ́, láti aago mẹ́rin sí mẹ́jọ, sí méjì. Ìṣọ́ di méje, ìyà òru sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kárí. Mo ti pàdé òṣìṣẹ́ fákitírì tó ṣe ṣífítì òru fún ọdún kan gbáko, nítorí pé kò mọ ẹnì kankan lókè. Ilé iṣẹ́ náà ní káńtììnì, ó ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ó tilẹ̀ ní ọjọ́ eré ìdárayá. Kò ní ẹni tó lè la wákàtí mẹ́rin sí méjì.

Ibi tó jinlẹ̀ jù ni gbígba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara ẹni. Ẹni tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ sáré dé kó ní, "Ó yá, máa lọ." Bó bá jẹ́ òru, yóò kọ́kọ́ dúró nínú òkùnkùn títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n wò. Yóò béèrè ibi tí ọkọ̀ wà, ibi tó dorí kọ, ọkọ̀ tó wà nítòsí àti ibi tí ìyẹn náà ń lọ. Yóò ka ohun tí ọ̀gákọ̀ kọ sínú ìwé àṣẹ òru. Bí ọkọ̀ bá ń yà fún ọkọ̀ mìíràn lọ́wọ́, wọn ò ní pààrọ̀ ọwọ́ títí ìyẹn yóò fi parí. Bí ara ẹni tó ń bọ̀ kò bá yá, tàbí tí ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ìṣọ́ lé e lọ́wọ́. Ọ̀gákọ̀ ni yóò ránṣẹ́ sí. Ìgbà tí gbogbo èyí bá tọ́ tán ni ẹni tuntun yóò sọ ọ́ sókè, kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́, pé òun ti gbà á. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú aago.

Ẹ wá wo ọ́fíìsì wa. Máníjà gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ó ju ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp pé kí àwọn tó kù máa bójú tó nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta, oníbàárà pè nípa ẹrù rẹ̀ tó há sí pọ́ọ̀tù. Ẹni márùn-ún ló wà lórí ìjókòó, gbogbo wọn ló sì rò pé ẹlòmíràn ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Àṣẹ pípa náà kò rí bí a ṣe ń wò ó nínú fíìmù. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹni tó di wíìlì mú yí i sósì ní ìwọ̀n mẹ́wàá, onítọ̀hún yóò tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe gbọ́ ọ, yóò yí i, yóò sì tún jíṣẹ́ pé ó ti yí i. Ẹni tó bá ń wọ dáńfó láti Òṣòdì mọ irú rẹ̀. Èrò á pariwo pé, "Cele ó wà!" Kọ̀ńdọ́ á tún un pè sétí dírẹ́fà, dírẹ́fà á sì tẹ bíréèkì. Àmì búlúù méjì orí fóònù ni ọ́fíìsì ń pè ní èsì ní tirẹ̀.

Nínú ìwé àṣẹ ọ̀gákọ̀, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n: bí nǹkan bá rú ọ lójú, pè mí. Gbólóhùn yẹn rọrùn láti kọ, ó sì le láti mú ṣẹ. Ọ̀gá tí wọ́n jí ní aago mẹ́ta òru nítorí iná ọkọ̀ apẹja tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, tó wá bú ẹni tó jí i, ti kọ́ ọmọ náà ní ohun kan: kó má jí òun mọ́.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2017, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ USS Fitzgerald àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ara wọn lóru nítòsí Japan. Ẹni méje kú. Ọ̀gákọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń sùn. Àṣẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ pé kí wọ́n pe òun bí ọkọ̀ mìíràn bá súnmọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó wà nídìí ìṣọ́ kò pè é. Síbẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gákọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, nítòsí Singapore, USS John S. McCain àti ọkọ̀ epo kan tún kọlu ara wọn, ẹni mẹ́wàá sì kú. Wọ́n fẹ́ pín iṣẹ́ ẹni tó di wíìlì mú sọ́wọ́ ẹni méjì, kí ẹnì kan máa yí ọkọ̀, kí ẹnì kejì máa wo ìsáré rẹ̀. Láìmọ̀, wọ́n gbé wíìlì gan-an lọ sórí ẹ̀rọ kejì. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ké pé ọkọ̀ kò gbọ́ tòun mọ́. Wíìlì náà ń ṣiṣẹ́ o. Wọn ò kàn mọ ọwọ́ ẹni tó wà ni. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n yọ ọ̀gágun tó ń darí gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀ agbègbè yẹn nípò.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ kò ṣàjèjì sí wa nílé. Ní 2003, néfì wa mú ọkọ̀ MT African Pride pẹ̀lú epo rọ̀bì tó ju 11,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ní 2004, ọkọ̀ náà pòórá níbi tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ sí. Níwájú àwọn aṣòfin, ẹnu kò kò lórí ẹni tó yẹ kó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ ológun dá ọ̀gá méjì tó wà ní ipò Rear Admiral lẹ́bi, ó dá ẹnì kẹta sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọṣẹ́ tó di okùn ọkọ̀ mú ni wọ́n gbé jókòó sáàárín ẹjọ́ yẹn. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, sikiúrítì ẹnu géètì la kọ́kọ́ máa ń lé.

Ọdún 2016 fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Àwọn ajalèlókun já MT Maximus gbà nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kejì. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń sá gba iwájú Ghana, Tógò àti Benin kọjá, orílẹ̀-èdè kan ń fi ojú rẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Néfì Nàìjíríà gba àyè lọ́wọ́ São Tomé, wọ́n gun ọkọ̀ náà lóru, wọ́n sì gbà á padà. Èdè wọn kò dọ́gba, ọ̀gá wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ní gbogbo wákàtí, ẹnì kan ló ní ìṣọ́.

Àwọn ará Ire-Akárí ní ẹ̀rí tiwọn, wọn ò sì wọkọ̀ ojú omi kankan kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí tírélà àti táńkà fi títì Àpápá ṣe ilé, tí ìlà wọn ń wọ́ dé Cele, ìjọba kó àwọn néfì síta láti darí ọkọ̀. Wọ́n láṣẹ, wọ́n ní ìbọn, wọ́n lóhùn. Títì kò gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ààrẹ ní kí wọ́n padà. Kí ló dé tí ẹni tó lè darí ọkọ̀ lójú agbami kò lè darí tírélà ní Mile 2, lójú títì kan náà? Ní tèmi, ìdí kan ni pé títì náà kò ní ìwé ìṣọ́. Àjọ pọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá, LASTMA, néfì, ẹgbẹ́ onítírélà: gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ sókè pé òun ti gbà á. Ní 2021 ni àjọ pọ́ọ̀tù wá gbé ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ tí yóò máa pe tírélà níkọ̀ọ̀kan. Ètò ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn ju bí inú àwọn dírẹ́fà ṣe dùn lọ.

Ìṣọ́ kan wà tó gùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, ìyẹn ìtọ́jú ọkọ̀, òun sì ni néfì tiwa kò rí ṣe dáadáa. Ọkọ̀ ogun NNS Aradu, tí wọ́n kàn ní Hamburg, wọ iṣẹ́ ní 1982. Ní 2005, ó lọ dúró láàárín ọkọ̀ ogun àgbáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló ti lò ní èbúté láti ìgbà tó ti wọṣẹ́, tó ń dúró de àtúnṣe. Ọ̀gá àgbà néfì tó ti jẹ lẹ́yìn 1982 ju 15 lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú. Ní ìdàkejì, ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ wọn ní Victoria Island kan ọkọ̀ NNS Andoni fúnra rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ní 2012. Ó kéré púpọ̀ sí Aradu, ṣùgbọ́n àwọn tó kàn án ni yóò tún un ṣe, wọ́n sì tún kan òmíràn ní 2016.

Ní géètì òpópónà kan nítòsí ibi tí mo ń gbé, megádì méjì ló ń pààrọ̀ ara wọn ní aago mẹ́fà àárọ̀. Èyí tó ṣe òru á ti wẹ nígbà yẹn, àpò rẹ̀ á wà léjìká. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kejì pẹ́. Mo bá ẹni tó ṣe òru níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, àpò ṣì wà léjìká, ó ń ṣí géètì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo ní ṣé kò ní lọ sùn ni. Ó na ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi, èyí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí.

"Alàgbà, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Tèmi ṣì ni."