Ta Ló Ni Ẹsẹ̀ Ijó?

Iṣẹ́ kan wà nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré nílẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Orin, eré orí ìtàgé àti ijó wà nínú rẹ̀. Bí ayẹyẹ ìparí sáà bá ti ń súnmọ́, ohun kan náà la sábà máa ń rí, ìbáà jẹ́ Òmù-Àrán, ìbáà jẹ́ Ẹ̀sìẹ́ tàbí Èkó: olùkọ́ á to àwọn ọmọ sí ìlà méjì, obìnrin níhìn-ín, ọkùnrin lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin á ró aṣọ, wọ́n á máa jùdí. Àwọn ọkùnrin á wọ dàńṣíkí, wọ́n á máa fò sókè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ètò yìí kò ni lára. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí ìlà yẹn gan-an ni ìnira wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ ní obìnrin, èyí tí wọ́n bí ní obìnrin tí kò rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti èyí tí kò bá ìkankan nínú méjèèjì dọ́gba. Àwọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní transgender àti àwọn tó jọ wọ́n. Nínú ìwé àkójọ àrùn tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní 2022, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò lábẹ́ àìsàn ọpọlọ. Láwọn ìlú òkèèrè kan, kíláàsì ijó ti wà tí wọ́n ṣètò kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ráyè jó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbí á ní àṣà òyìnbó ni. Èmi rò pé ijó Yorùbá ti gba irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ láyè kí òyìnbó tó dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ijó àtinúdá ni wọ́n ń jó, ìyẹn ijó tí olùkọ́ kò fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ fún ọmọ pé kó wò ó ṣe. Rudolf Laban, tó kúrò ní Jámánì ìgbà Hitler tó sì dé England ní 1938, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun ilé ẹ̀kọ́. Ìwé rẹ̀ Modern Educational Dance jáde ní 1948. Ó ní kí a máa wo ìrìn ara bó ṣe wúwo tàbí fúyẹ́, bó ṣe yára tàbí rọra, bó ṣe lọ tààrà tàbí bó ṣe ń yí kiri, bó ṣe dẹ̀ tàbí bó ṣe le. Olùkọ́ lè ní: ẹ gbé ẹrù wúwo kan tí kò sí níbẹ̀, ẹ rù ú dé ògiri, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ kó dún. Ọmọ kan á tẹ̀ síwájú, òmíràn á fẹ̀yìn rìn, ẹlòmíràn á jókòó tì í. Kò sí èyí tó ṣì í jó nínú wọn, kò sì sí ìgbà kan tí iṣẹ́ náà bi wọ́n pé ọkùnrin ni yín àbí obìnrin. Ohun tó ń bi wọ́n wà lẹ́yìn ijó: yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tí wọ́n pín sí méjì, aṣọ tó fún mọ́ra pinpin, olùkọ́ tó ń ké pé kí ọkùnrin gbé obìnrin sókè. Sean Dorsey, oníjó transgender ní San Francisco, fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé ẹni tó fẹ́ràn ijó lè sá fún ijó nítorí irú nǹkan wọ̀nyí nìkan. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe kíláàsì tó gba irú wọn mọ́ra níbikíbi tó bá gbé ijó rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n ń gbé ère igi sórí jó. Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ṣábẹ̀ẹ́ àti àwọn Ànàgó ló ni ín. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun àjogúnbá pàtàkì láyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Àwọn ìyá ni wọ́n ń fi yẹ́ sí, ọkùnrin ló sì ń gbé e. Oníjó tó bá gbé abo á gbé orí igi tí wọ́n fín gèlè tàbí irun dídì sí, á so ọmú igi mọ́ àyà, á fi nǹkan kún ìdí rẹ̀ kó lè gbórín, á wá fi ìró àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin adúgbò we gbogbo ara. Aṣọ ìyàwó ẹni àti aṣọ ìyá ẹni ló ń jó lójú agbo. Ṣaworo irin wà lọ́rùn ẹsẹ̀, nítorí ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn gẹ́lẹ́, ìró kan kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ ijó, àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jáde, wọ́n á gbìyànjú ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, kí àwọn tó mọ ọ́n jó tó gba agbo. Kíláàsì nìyẹn, kò kàn ní pátákó orúkọ ni. Ohun tí ọmọ ọkùnrin kọ́ níbẹ̀ ni bí obìnrin ṣe ń wúwo, bó ṣe ń rọra gbé ìgbésẹ̀, bó ṣe ń fi ọlá yí ìdí. Bó bá jó o dáadáa, àwọn ìyá á yìn ín. Kò sẹ́ni tó máa ní ó ti ba ara rẹ̀ jẹ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan kọ́. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun bí obìnrin, ó ń wọ wàbì, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pè é bó tilẹ̀ hu irùngbọ̀n. J. Lorand Matory, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ìgbòho, kọ odidi ìwé tó jáde ní 1994 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn eégún aláré náà máa ń pidán di ìyàwó. Nílẹ̀ Ìgbómìnà tiwa, níbi tí Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ wà, Eléwe ni eégún tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wa, agbára àti ìfò ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń yìn ín. Èmi kò ní í fipá mú Eléwe wá jẹ́rìí sí ohun tí kò sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tó lé ní 800, tí wọ́n torí wọn kọ́ mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945. Ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀, obìnrin ń bẹ níbẹ̀, àwọn kan mú ohun ìjà, àwọn kan mú ohun èlò orin, àmọ́ orí àpótí ni ọ̀pọ̀ wọn jókòó sí. A kò lè mọ bí wọ́n ṣe jó.

Ẹnì kan á sọ pé ọkùnrin tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á bọ́ ọ sílẹ̀, á padà sílé di bàbá ọmọ. Kí ló kan transgender níbẹ̀? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ purọ́. Oníjó kò sọ pé obìnrin lòun. Ọlá àwọn ìyá ló ń gbé, òfin agbo ló sì ń tẹ̀ lé. Kódà, agbo yẹn kò dọ́gba: obìnrin kì í wọ inú rẹ̀ gbé e, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ ẹ̀kú eégún, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní obìnrin tó wù láti jó ẹsẹ̀ ọkùnrin kò rí ibi tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ nínú àṣà. Ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi hàn kéré sí èyí, ó sì tó mi lò: àwọn baba wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ ijó ṣeé yà kúrò lára ẹni tó ń jó o, pé ẹni tó bá kọ́ ọ ló ni ín. Bí a bá ti gba ìyẹn, kò sí ohun tó ní kí olùkọ́ Òmù-Àrán lé ọmọ ọkùnrin kúrò nínú ijó ìdí.

Èyí tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù ni pé ijó á yí ọmọ wọn padà. Bí ijó bá lè sọ ọkùnrin di obìnrin, Kétu ì bá má ní ọkùnrin kan mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní Ajángbádì, l'Ékòó, Daniel Owoseni Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ballet lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2020, fídíò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, ọmọkùnrin ọlọ́dún 11, tó ń jó láìwọ bàtà nínú òjò tàn ká gbogbo ayé. Mi ò ní ọmọ yẹn jẹ́ transgender o; ijó tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ti obìnrin ló jó, ohun tó sì jèrè níbẹ̀ ni sìkọ́láṣíìpù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ballet ní England. Ti àǹfààní fún ọkàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ẹ̀ka Yúróòpù gbé ìwádìí tó lé ní 3,000 yẹ̀ wò ní 2019, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ ọnà, ijó wà lára rẹ̀, ń ran ìlera ara àti ọpọlọ lọ́wọ́. Ọmọ tó ń fi ara rẹ̀ pamọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀: Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nílẹ̀ Ìgbómìnà lónìí. Òbí tí kò bá fẹ́ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn òun kò jẹ̀bi. Kíláàsì tí mò ń sọ kò ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kankan nínú, kò sì bi ọmọ kankan pé irú ẹni wo ni.

Òfin ló ṣòro jù. Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 de ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn sílẹ̀ tàbí tó bá ń bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kò dárúkọ transgender, àmọ́ ọlọ́pàá tó fẹ́ dààmú ènìyàn kì í fara balẹ̀ ka ìyàtọ̀. Ti Kwara, ìpínlẹ̀ tí Òmù-Àrán wà, tún le díẹ̀ nítorí Penal Code tí wọ́n ṣe fún Àríwá, èyí tó ka ọkùnrin tó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ ọ̀daràn, nígbà tí Ìlá Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa, wà ní Ọ̀ṣun lábẹ́ Criminal Code. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n gbé àbá kan wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin l'Ábújá láti fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí 500,000 náírà jẹ ẹni tó bá múra bí ẹ̀yà kejì níyà. Kò di òfin, ó sì yọ eré orí ìtàgé sílẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ pàápàá mọ̀ pé agbo eré yàtọ̀ sí ojú títì.

Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ni ní Òmù-Àrán, mi ò ní kọ orúkọ transgender sára ògiri. Orúkọ yẹn yóò tú àṣírí àwọn ọmọ tó yẹ kó dáàbò bò. Màá pín wọn ní méjì-méjì bí wọ́n ṣe ga sí, tàbí kí n ka ení, èjì, kí gbogbo ení lọ sápá kan. Gbogbo ọmọ á wọ ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀wù tí kò fún láti ilé wá, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ra lójú ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá ní orúkọ báyìí ni kí n máa pe òun, màá pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun á sọ ọ́ kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Inú àpò ni fóònù gbogbo wa yóò wà, tèmi pẹ̀lú, títí a óò fi tú ká, nítorí WhatsApp ìlú tí kò tóbi ju Òmù-Àrán lọ kì í pẹ́ mọ ọmọ ẹni.